Ìwé Ìtàn Tó Lé Mi Kúrò Lórí Ilẹ̀ Àánú

Bí wọ́n bá ti sọ fún ọ pé ikọ́ ife ló ń bá ọ jà, ka èyí ná kí o tó gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ ọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Mo parí ilé ìwé girama, mo ń dirun fún àwọn obìnrin ní ìsọ̀ kan ní Ìkòtún, mo sì ní ọmọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Mofìyìn. Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni nígbà tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmú mi ló sì ń mu. Máa fi èyí sọ́kàn bó o ṣe ń kà á lọ, torí kì í ṣe ẹ̀mí tèmi nìkan ló wà nínú ewu.

Ikọ́ náà ò wá bí àìsàn. Mo ní eruku ni. Mo tún ní èéfín àtáṣímẹ́ńtì tí à ń fi iná jó lẹ́nu nígbà tí a bá dirun tán ni. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ládùúgbò wa fún mi ní oògùn ikọ́ onígò. Nígbà tí mo padà lọ, ó ní ibà ni. Nígbà tí mo tún padà lọ, ó ní tàífọ́ọ̀dù ni. Orúkọ tuntun ló ń bá mi wá gbogbo ìgbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sì ń ra gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo ń bá oníbàárà mi kan dirun, ikọ́ gbé mi. Ó yí orí padà, ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

"Aúńtì, irun lẹ ń bá mi dì ni, àbí ẹ̀ ń fi ikọ́ bomi rin mí lórí?"

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ò padà wá mọ́, àwọn tó gbọ́ ọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ara mi á gbóná. Bí mo bá sùn, òógùn á bò mí bí ẹni tí òjò pa. Síkẹ́ẹ̀tì tó ń fún mi tẹ́lẹ̀ di ohun tí mò ń fi pínnì mú kó má baà já bọ́. Àwọn kan ní ọmọ ló ń fa ọmú tó ń jẹ́ kí n rù. Mo gbà wọ́n gbọ́, torí ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti gbọ́ ni. Àfi ọjọ́ tí mo tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín nínú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé Mofìyìn pọ̀n, mo gba ilé ìwòsàn ìjọba lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ìlà yẹn ṣe rí. Mo dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ dáadáa, àwọn ènìyàn ti kún bẹ́ńṣì. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí. Bí mo ṣe wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin oníkọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn! Ẹ lọ jókòó sábẹ́ tapólì lọ́hùn-ún, ẹ má kó bá wa níbí!"

Òótọ́ ni pé ó yẹ kí ẹni tó ń wúkọ́ jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ènìyàn nìyẹn? Gbogbo ojú yí sí mi, bí ẹni pé adìyẹ tó ń ṣòjòjò ni mí. Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Mo kọjá láàárín wọn, mo lọ jókòó sábẹ́ tapólì.

Wọ́n fún mi ní ike kékeré kan kí n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n wá gba èsì. Nọ́ọ̀sì kan tí kò lè jù mí lọ ló sọ ọ́ fún mi, kò tilẹ̀ gbé orí sókè.

"Tíbì ni, ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀. Oṣù mẹ́fà lo máa lò ó, o ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan."

"Ọmọ mi ńkọ́, mà?"

"Mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ta ló kàn?"

Ó tán. Bí ẹni tó ń sọ iye tí búrẹ́dì jẹ́ ló ṣe sọ ọ́. Mo dìde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí ó yẹ kó sọ fún mi, kò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi àti ọmọ mi.

Ilé oníyàrá mẹ́jọ là ń gbé, balùwẹ̀ kan ṣoṣo la jọ ń lò. Ọkọ mi ń lẹ táìlì, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ti wá láti Àkúrẹ́ láti bá wa tọ́jú ọmọ, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Màmá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, ìgbàgbọ́ wọn ò sì mọ ní kékeré. Nígbà tí mo kó oògùn dé, wọ́n yí i wò lọ́wọ́, wọ́n gbé e padà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí mo lo oògùn, mo wọ balùwẹ̀ láàárọ̀, mo tọ̀. Ìtọ̀ mi pupa bí omi sóbò lórí sìmẹ́ńtì. Mo kígbe. Màmá ya wọlé.

"Yéè! Ẹ̀jẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn rèé o! Ẹ wá wo nǹkan! Oògùn yìí ti já ọmọ yìí nínú!"

Kí n tó fa aṣọ mọ́ra, ìyá tó ń gbé yàrá kejì ti dé, ìyá oníyàrá kẹfà ti dé, gbogbo wọn ń wo ìtọ̀ mi. "Àìsàn yìí kì í ṣe ti ilé ìwòsàn," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, mo wá rí i nínú ìtọ̀, kí lẹ fẹ́ kí n rò?

Ìwọ tó ń ka èyí, jẹ́ n sọ fún ọ, torí wọn ò sọ fún èmi: oògùn ikọ́ ife máa ń sọ ìtọ̀ di pupa. Àwọ̀ oògùn ni. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Á pupa, wàá sì máa lo oògùn rẹ lọ. Ṣé o rí i bí ó ṣe kúrú tó? Nọ́ọ̀sì yẹn ì bá sọ ọ́ kó tó pe ẹni tó kàn. Bí mo bá rántí, àyà mi á tún gbóná.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù.

"Bàbá Mofìyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti da oògùn mi sínú ṣáláńgá. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa lọ gbé."

"Ìyá tó bí mi ò lè pa ìyàwó mi. Ṣe ohun tí wọ́n bá sọ, jàre. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

Báyìí ni mo ṣe dé Ilẹ̀ Àánú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni, lápá Ìgandò, gbọ̀ngàn gígùn kan tí àwọn aláìsàn àti aboyún ń gbé, tí wọ́n ń ka ọjọ́ fún. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n kà fún mi. O máa bọ́ bàtà rẹ sẹ́nu géètì, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ, o ò ní wọ̀ ọ́ títí ọjọ́ rẹ á fi pé. O máa wọ sùtánà funfun. O máa fi omi tútù tí wọ́n yà sí mímọ́ wẹ̀ láàárọ̀, o máa gbààwẹ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Kò sí oògùn. O ò sì ní kọjá géètì. Ẹni tó bá já ọjọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó ti já májẹ̀mú, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i, ọwọ́ ara rẹ̀ ni.

Mi ò bú àdúrà o. Mò ń gbàdúrà títí di òní. Ṣùgbọ́n oníkọ́ ife tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ ní kó máa gbààwẹ̀, kó máa fi omi tútù wẹ̀ láàárọ̀ kùtù? Ẹ tún ti fèrèsé pa pé kí òtútù má mú wa? Àwa obìnrin mẹ́sàn-án la sùn síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, èmi sì ń wúkọ́ sí gbogbo wọn lára. Ta la fẹ́ bi léèrè ìyẹn?

Ohun tó jẹ́ kó burú ni pé wọ́n fẹ́ràn mi. Obìnrin tó jẹ́ olórí ibẹ̀, tí a ń pè ní Ìyá Àdúrà, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ẹ̀kọ fún mi tí mo bá ṣínu ààwẹ̀. Wọ́n á gbé Mofìyìn jó. Wọ́n á máa pè mí ní "ọmọ mi àtàtà". Ẹni tó ń nà ọ́, ẹsẹ̀ rẹ á mọ̀ pé ó yẹ kóun sá. Ẹni tó ń fi ṣíbí fún ọ ní ẹ̀kọ jẹ ńkọ́?

Ìyá arúgbó kan wà lórí ẹní ẹ̀gbẹ́ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Èkìtì. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wú, wọn ò lè dá dìde. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n fa ìwé kan yọ nínú báàgì wọn. Èèpo iwájú rẹ̀ ti ya dànù.

"Ìyá Mofìyìn, ṣé o mọ̀wé kà?"

"Mo mọ̀ ọ́n kà, mà."

"Ìgò ojú mi ti fọ́. Kà á sókè kí n gbọ́. Bí ikọ́ bá dé, dúró kó kọjá, ìwé ò ní sá lọ."

Láti ìgbà tí mo ti ṣe ìdánwò àṣejáde, mi ò ṣí ìwé ìtàn kankan mọ́. Mo ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ lójú ewé àkọ́kọ́. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ogun kó o lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n mú un lọ sí oko kan tó jìn, wọ́n ń fi í pa èkùrọ́. Lóṣù kìíní, okùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lóṣù kejì, wọ́n tú u lálẹ́. Lóṣù kẹta, wọ́n tú u pátápátá, ìyálé ilé náà ń fún un ní ẹran, ó ń pè é ní ọmọ òun. Àwẹ̀ró jókòó síbẹ̀ fún odindi ọdún kan.

Tíṣà ní kí n dúró.

"Mo ti fi ìwé yìí kọ́ ọmọ tó pọ̀. Ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi wọ́n. Ta ló so Àwẹ̀ró mọ́lẹ̀?"

"Àwọn tó kó o lógun ni, mà."

"Oṣù kìíní nìyẹn. Lóṣù kẹta ni mo ní."

Mo ṣí ewé tó kàn, mo ń kà á lọ, ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀ mọ́. Ìyá Àdúrà kọjá, wọ́n ní ìwé ayé ni mò ń kà, kí n lọ gbé Bíbélì. Tíṣà dá wọn lóhùn pé ìwé àwọn ni, ojú àwọn ni kò ríran, kí wọ́n bá àwọn fi ọmọ náà sílẹ̀. A rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n lọ tán. Ọjọ́ mẹ́fà la fi kà á. Nígbà tí Àwẹ̀ró máa lọ, kò dúró de òru, torí òru ni gbogbo olùṣọ́ ń lajú sí. Ọ̀sán gangan ló gbé ìkòkò omi lérí, tó kí gbogbo ẹni tó bá pàdé, tó sì bá ọ̀nà odò kọjá odò.

Mo pa ìwé dé. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Tíṣà? Kí ló dé tẹ́ ẹ jókòó síbí?"

Wọ́n na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ wọn. "Tèmi ò lè rìn, ọmọ mi. Tìrẹ lè rìn."

Lọ́jọ́ kọkànlá, Mofìyìn wúkọ́. Ikọ́ kékeré, bíi ti ọmọ ológbò. Ìyá Àdúrà gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n dijú, wọ́n ní, "Ẹ̀mí náà fẹ́ sá bọ́ sára ọmọ. A ó fi ọjọ́ méje kún un."

Ọjọ́ méje! Kí wọ́n tó sọ "Àmín" tán, mo ti mọ̀ pé mò ń lọ. Inú bí mi débi pé ikọ́ gan-an dáwọ́ dúró. Inú mi ò bí sí wọn nìkan. Ó bí sí ara mi. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jókòó, ta ló so mí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo pọn ọmọ mi, mo gbé garawa. Mo kí gbogbo ẹni tí mo pàdé. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì dìde.

"Sísítà, níbo?"

"Omi ni mo fẹ́ pọn, sà."

"Kànga kún fún omi ńbí."

"Ti òde ni Ìyá Àdúrà ní kí n pọn wá, sà."

Ọlọ́run á dárí irọ́ yẹn jì mí. Bàbá ṣí géètì. Mo rìn dé ìkóríta, mo gbé garawa sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn kan, mo ń lọ. Mo rò pé gbogbo ayé á máa wò mí, obìnrin gbígbẹ láìní bàtà lẹ́sẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná. Ta ló wò mí? Ní apá ibí yìí, aláṣọ funfun tí kò wọ bàtà ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Oníkẹ̀kẹ́ kan dúró fúnra rẹ̀.

"Màmá mímọ́, ẹ wọlé. Ẹ má sanwó o. Àdúrà ni kẹ́ ẹ fi san án. Ẹ ní kí n ní kẹ̀kẹ́ tèmi."

Mi ò kúkú ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Mo yí ojú síta kí n má baà wúkọ́ sí i lára, mo sì gbàdúrà fún un tọkàntọkàn títí a fi dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ṣí fáìlì mi. Ó gbaná jẹ.

"O dá oògùn dúró! Ṣé o mọ̀ pé ikọ́ yìí lè le kọjá oògùn tí a ní? Ìwọ pẹ̀lú ọmọ lọ́mú! Ẹ̀yin èwe yìí, ẹ kì í gbọ́ràn!"

Mo dìde. N kì í pariwo mọ́ àgbà. Mo pariwo lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ ò sọ fún mi! Ìtọ̀ mi pupa, ẹ ò sọ fún mi! Ẹ lé mi sábẹ́ tapólì, ẹ pe ẹni tó kàn! Ta ni ì bá sọ fún mi?"

Obìnrin náà wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi tó ti bó. Ó fa àga kan, ó ní kí n jókòó. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi yẹ̀ wò, wọ́n ní oògùn ṣì lè ràn án, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n yẹ Mofìyìn wò. Ọ̀fìnkìn lásán ni, ikọ́ ife ò tíì wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó ráyè wọ̀ ọ́, wọ́n sì ní kí n máa fún un lọ́mú lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Mo kó oògùn tuntun lọ sílé, ọkọ mi sì dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kẹta. Òun àti ìyá rẹ̀ bá mi jà, pé mo dójú tì wọ́n. Mo ní kó mú mi padà sí Ilẹ̀ Àánú fúnra rẹ̀ kó sì dúró wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa kú. Kò lè ṣe é. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò, kò sí nǹkan lára rẹ̀. Ó máa ń bá mi tò sórí ìlà báyìí tí iṣẹ́ ò bá sí. Mi ò tíì dárí jì í tán, ó sì mọ̀.

Oṣù mẹ́fà gùn. Oògùn ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, fọ́tò àyà kì í ṣe ọ̀fẹ́, oúnjẹ tó máa gbé oògùn ró kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àyè mi ní ìsọ̀, wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí oògùn ń rùn sí mi láti inú ọ̀rá. Mo lò ó. Ìwé ìtàn kì í wo ikọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ohun tí ìwé yẹn ṣe fún mi ni pé ó bi mí ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Ìyókù, oògùn ló ṣe é.

Àyẹ̀wò tí mo ṣe kẹ́yìn mọ́ tónítóní. Mo ti sanra padà, mo ń dirun nílé, Mofìyìn ń sáré káàkiri ọgbà. Màmá wá ní àdúrà ìjọ ló wò mí sàn, pé dandan ni kí n wá jẹ́rìí. Mo lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. Mo ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ikọ́ ife ló ṣe mí, oògùn ìjọba ni mo lò fún oṣù mẹ́fà, ẹni tó bá ń wúkọ́ níbí..."

Ẹni tó ń tẹ dùùrù ti gbé orin. Ẹ̀rọ ọwọ́ mi dákẹ́. Gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jó. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ẹnu lásán sọ ìyókù, mo pariwo rẹ̀ títí ọrùn mi fi ń dùn mí. Nígbà tí mo jáde, obìnrin méjì tẹ̀lé mi dé ẹnu géètì. Ọ̀kan di ìbòrí rẹ̀ mọ́ ẹnu, ó ní, "Aúńtì, ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣí ibẹ̀?" Mo ní ọjọ́ Ajé, kó tètè dé, èmi gan-an máa bá a dúró.

Láti ọjọ́ yẹn, Màmá ò dá mi lóhùn mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, ògiri ni wọ́n ń wò. Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Mi ò lọ. Ẹnìkan kì í bá òkú yodì. Èmi ni wọ́n ń bá yodì.